Ẹjọ́ Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Tún Hú Jáde

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè ara rẹ, iṣẹ́ rẹ, àti òtútù tí ìyá rẹ ní ó ń bá ọ fínra lọ́hùn-ún, kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, kà á sí pé mo ti béèrè gbogbo rẹ̀, torí ara mi ò balẹ̀. Àwa náà wà láyé. Ojú ìyá rẹ nìkan ló ń ṣú sí i. Ó bu iyọ̀ sínú tíì mi láàárọ̀ yìí, ó ní ṣúgà ni. Dókítà ti fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ìparí oṣù kẹsàn-án. Ó ní ojú rẹ lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n bá tú báńdéèjì. Ó ti ń sọ ọ́ kiri àdúgbò pé ìwé ìgbélùú rẹ ti jáde, pé o ń bọ̀ wálé.

Ohun tó gbé bírò sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé o kì í gbé fóònù mi. Mi ò bá ọ jà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi rán ìyá rẹ sí ọ.

Lánàá, mo ń gẹ irun fún oníbàárà kan nígbà tí ọlọ́pàá méjì wọlé. Mo rò pé irun ni wọ́n wá gẹ̀. Èyí kékeré jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ara ẹ̀ nínú dígí. Èyí àgbà ní, "Bàbá, ọmọ yín aránṣọ ńkọ́?"

Mo ní o ti lọ sókè òkun tipẹ́.

"Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀?"

Mo ní ìyá ẹ̀ ló máa ń gbọ́ ọ.

Ló bá ní ọ̀gá rẹ, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ti tún gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó jóná dìde. Wọ́n ti rí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé òdìkejì nígbà yẹn. Ọlọ́dẹ ní òun rí ọ tí o gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde kí èéfín tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n múra láti wá tún sọ ohun tí mo sọ ní kọ́ọ̀tù níjọ́sí.

O mọ ohun tí mo sọ. Mo ní o wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, o ń rùn kẹrosíìnì. Wọ́n bi mí léèrè lẹ́yìn tí mo ti búra, mo sì sọ ohun tí imú mi gbọ́. Láti ìgbà náà, mi ò bi ọ́ ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kí àwọn èèyàn wọ̀nyí tó tún wá bi mí, èmi fẹ́ bi ọ́. Ṣé ìwọ lo dáná sun ṣọ́ọ̀bù yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò fẹ́ àlàyé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìnáwọ́ sí orí àwọn èèyàn, ẹ kú àdúróṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé lẹ́tà kankan ń lọ tàbí ń bọ̀. Tí wọ́n bá bi yín ẹni tó kọ̀wé, ẹ ní oníbàárà ni.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé yín, nínú ilé ìfọṣọ ọsibítù tí mo wà, nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ aṣọ ibùsùn. Mo gbàgbé ọwọ́ mi síbẹ̀. Ẹ má dààmú, ó ti ń jinná, ìka méjì péré ló bó.

Mo pe Lọ́yà lójú ẹsẹ̀, ìyá àgbà tó gbẹnu sọ fún mi nígbà yẹn. Wọ́n ṣì máa ń pariwo lórí fóònù bíi pé èmi ni adájọ́. Wọ́n ní: "Òfin ò gbà á! Ẹni tí kọ́ọ̀tù bá ti gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, tó sì dá a láre, kò sẹ́ni tó lè tún gbé e padà síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Níjọ́sí, wọ́n pè é ní dídáná sun ilé. Báyìí, wọ́n pè é ní bíba dúkìá jẹ́. Ṣebí iná kan náà ni? Tí wọ́n bá yí orúkọ ewúrẹ́ padà, ṣé kò ní ké bí ewúrẹ́ mọ́?"

Bàbá, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Lọ́yà ti kó ọ́fíìsì lọ sí ìlú mìíràn, ìwé ìdájọ́ mi sì ti sọ nù mọ́ ẹrù. Kí ẹ bá mi lọ sí kọ́ọ̀tù, kí ẹ gba òmíràn tí wọ́n lù lóǹtẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Òun ni wọ́n máa fi sọ fún adájọ́ tuntun pé ẹjọ́ yìí ti parí. Ẹ má sì bá ọlọ́pàá sọ ohunkóhun.

Ní ti ìbéèrè yín, wọ́n ti bi mí rí. Mo dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, mo sì dáhùn, gbogbo èèyàn gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò gbọ́. Ẹ jẹ́rìí tán, ẹ gbé fìlà yín, ẹ jáde. Mo ń wo ẹ̀yìn yín títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́,

Mo kí ọ, mo sì kí ìka rẹ méjèèjì. Fi òróró sí i. Má fi omi gbígbóná kàn án.

Ìwé rẹ dé. Mo kà á, mo ká a, mo tún tú u kà. Bí o ti kéré tó nígbà tí mo sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, torí ẹnu rẹ tó mú ni mo ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe torí pé o tín-ín-rín.

Mi ò tíì lọ sí kọ́ọ̀tù. Mi ò ní tàn ọ́. Èmi ò mọ òfin. Irun ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jalè kì í bẹ̀rù kí wọ́n tú àpò ẹ̀. Tí ọwọ́ rẹ bá mọ́, jẹ́ kí ọlọ́dẹ wá, kí ó sọ tiẹ̀, kí ìwọ náà sọ tìrẹ, kí ayé gbọ́. Tí a bá wá ń sọ pé òfin ò jẹ́ kí wọ́n bi ọ́, ohun tí àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi ń sọ ni pé o ní ohun tí o ń fi pamọ́. Wọn kì í sọ ọ́ sí mi létí. Wọ́n á dákẹ́ nígbà tí mo bá tan ẹ̀rọ ìgẹrun, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ tí mo bá pa á.

Mo rí ọ̀gá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan ló ń ránṣọ báyìí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ lè na ẹsẹ̀. Kò kí mi. Wọ́n máa ń ní a kì í ti kọ́ọ̀tù dé ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo bá a ṣẹjọ́. Ẹlẹ́rìí ẹ̀ ni mo jẹ́! Obìnrin yẹn fi gbogbo ìgbà èwe ẹ̀ kó ṣọ́ọ̀bù yẹn jọ. Tí òfin bá ti ilẹ̀kùn báyìí, ta ni kó lọ bi pé ta ló jó òun níná? Ọ̀rọ̀ yìí ń dà mí láàmú, kì í ṣe tìrẹ nìkan.

Mo tún bi ọ́. Èmi ni mo bí ọ, èmi kì í ṣe adájọ́. Dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ara mi le, ọwọ́ mi ti san. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ní kí n kí yín. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ẹ̀ máa ń rùn bí ìyẹ̀fun. Òun ló ní kí n má fi ìbínú kọ ìwé yìí. Mo ya èyí tí mo kọ́kọ́ kọ.

Ẹ ní kí ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Nínú àtìmọ́lé, àwa obìnrin máa ń gba ìdùbúlẹ̀ fún ara wa ni, torí ilẹ̀ ò gba gbogbo wa. Ẹni tó bá kàn á sùn, àwọn tó kù á dúró. Tí wọ́n bá mú mi dé kọ́ọ̀tù, agbẹjọ́rò ìjọba ò wá. Tí ó bá wá, fáìlì ò sí. Tí fáìlì bá wà, adájọ́ ti lọ ìpàdé. Aṣọ kan náà ni mo ń wọ̀ lọ títí àwọ̀ ẹ̀ fi ṣí. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, wọ́n ní mi ò jẹ̀bi. Mo padà sílé, mo gbé tábìlì síta, mo ní kí èèyàn gbé aṣọ wá. Obìnrin kan ṣoṣo ló wá. Mi ò tíì gé aṣọ náà tí ọkọ ẹ̀ fi wá gbà á. Kọ́ọ̀tù dá mi láre. Àdúgbò ò dá mi láre. Ìyẹn ni mo fi gba òkè òkun lọ.

Ẹ wá ní kí n tún bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ bá já sí asán, tí wọ́n bá rí ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ni màá wá jókòó bí èèyàn? Ìjọba ní ọlọ́pàá, ó ní lọ́yà, ó ní gbogbo àkókò tó wà láyé. Èmi ní ara kan ṣoṣo. Wọ́n ní ọjọ́ tiwọn, kí wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀rí wọn wá lọ́jọ́ náà. Òdìkejì títì ni ọlọ́dẹ wà nígbà yẹn. Ta ló dí wọn lọ́wọ́ láti sọdá?

Mo káàánú ọ̀gá mi. Àwọn ló kọ́ mi bí a ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú. Ṣùgbọ́n tí a bá ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀, ìyẹn ò sọ ẹni tó jó wọn níná fún wọn.

Lọ́yà ní ìwé àṣẹ láti mú mi ti wà nílẹ̀. Tí mi ò bá rí ìdájọ́ gbà kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, láti ibi tí mo bá ti sọ̀ ni wọ́n á ti dè mí lọ. Màmá á la ojú, wọn ò ní rí mi.

Bàbá, kọ́ọ̀tù dá ẹjọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ni ẹ ń dá a lójoojúmọ́. Mi ò ní dáhùn.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí nǹkan?

Láti oṣù kẹrin, ẹ ò kọ ohunkóhun. Mo bi Màmá lórí fóònù, mo ṣe bíi pé mo kàn béèrè ni. Wọ́n ní ẹ máa ń wọ aṣọ yín tó dáa jù láàárọ̀, ẹ ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò ní sọ ibi tí ẹ ń lọ. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bóyá ẹ ti fẹ́ ìyàwó kékeré. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Àbí àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹ ń lọ?

Mo pe Lọ́yà, nọ́mbà wọn ò lọ. Ní ibi iṣẹ́, mo máa ń ká aṣọ ibùsùn kan lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mọ̀ pé mo ti ká a. Tí ẹ bá bínú, ẹ kọ̀wé ìbínú wá. Ó sàn ju èyí lọ.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Dárí jì mí fún ìdákẹ́jẹ́ yìí. Mi ò fẹ́ kọ̀wé títí màá fi ní ohun tí mo lè sọ. Kò sí ìyàwó kékeré níbì kankan. Ta ló fẹ́ gba bàbá tí irun ń hù létí?

Lẹ́yìn tí ìwé rẹ ti oṣù kẹrin dé, ọlọ́pàá àgbà yẹn padà wá, òun nìkan. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ní kí n gẹ irun òun. Bí mo ṣe ń gẹ̀ ẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ ní ó ń rùn kẹrosíìnì. Ṣé ọwọ́ ẹ̀ ò dúdú?"

Mo ní mi ò rántí.

Ó ní, "Ẹ rántí dáadáa. Ẹni tó bá dáná, ọwọ́ ẹ̀ á dúdú. Ara ẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ṣé kò gbọ̀n?"

Mo ń gẹ irun ẹ̀ lọ. Ọmọ mi, ohun tó dẹ́rù bà mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọwọ́ rẹ lójú mi, tó dúdú. Mo rí i tí o ń gbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. N kò sì rí irú ẹ̀ lọ́jọ́ náà! Àṣé báyìí ni ẹ̀rí ṣe ń hu ìyẹ́. Tí wọ́n bá bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, màá ti rí iná lọ́wọ́ rẹ. Mo pa ẹ̀rọ ìgẹrun, mo ní kó máa lọ. Apá kan orí ẹ̀ nìkan ni mo gẹ̀. Ó bínú gan-an.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kọ́ọ̀tù. Akọ̀wé kan ní kí n lọ sókè, ti òkè ní kí n lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní òjò ti wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn títí wọ́n fi ń pè mí ní "Bàbá Ọ̀dẹ̀dẹ̀." Nígbà tó yá, mo gbé ẹ̀rọ mi dání, mo ń gẹ irun fún wọn níbẹ̀. Orí wọn dára tán ni ìwé rẹ tó jáde. Mo fi ránṣẹ́ sí Lọ́yà.

Wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa lánàá. Lọ́yà ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ mi fèrèsé. Agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀sùn tuntun ni, ẹlẹ́rìí tuntun wà, bàbá olùjẹ́jọ́ gan-an sì wà nínú kọ́ọ̀tù, ó ṣe tán láti jẹ́rìí.

Mi ò mọ̀gbà tí mo dìde. Mo ní, "Olúwa mi, mi ò ṣe tán."

Adájọ́ wo òkè. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni bàbá ẹ̀. Mo ti jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n gbé e wò, wọ́n sì dá ẹjọ́. Kò sí ohun tuntun lẹ́nu mi. Tí ẹ bá gbọ́ ohun tuntun lẹ́nu mi, irọ́ ni."

Adájọ́ ní, "Bàbá, ẹ jókòó, àbí kí n ní kí wọ́n mú yín jáde."

Mo jókòó. Mi ò jáde, Abẹ́rẹ́. Mo jókòó títí wọ́n fi parí. Mo rí i pé bẹ́ǹṣì yẹn ò le tó bí mo ṣe rò nígbà yẹn.

Wọ́n sún ìpinnu sí oṣù kẹsàn-án. Ọlọ́dẹ náà wà níbẹ̀, kò gbójú sókè. Ọ̀gá rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú; òun gbójú sókè, èmi ni ó ń wò.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, orí mi kan ilẹ̀.

Lọ́yà pè mí láàárọ̀ yìí, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bú mi pé kí n má sunkún. Wọ́n ní adájọ́ ti fagi lé ẹ̀sùn tuntun náà, ìwé àṣẹ ìmúni náà ti di ìwé lásán. Mo jókòó sórí òkìtì aṣọ tí a ò tíì fọ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ mi béèrè pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí n tó dé, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ.

Láti òní, kò sí kọ́ọ̀tù tó lè bi mí mọ́. Tí mo bá dúró lójú títì yín, tí mo kígbe pé èmi ni mo jó ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní lè gbé ẹjọ́ náà dìde. Kò sí ohun tí mo fẹ́ gbà là mọ́. Torí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí ẹni tó fi tipá gbà á lẹ́nu mi, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi rà. Èmi kọ́, Bàbá. Èmi kọ́ ni mo dáná náà. Mi ò sì mọ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀kan ṣì kù. Kẹrosíìnì tí ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀, òótọ́ ni. Èmi ni mo máa ń rọ ọ́ sínú sítóòfù tí a fi ń gbé áyọ́ọ̀nù kaná ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ọjọ́ yẹn, ó dà sí mi lára. Ẹ ò purọ́ mọ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹ ò purọ́, ó kàn nira fún mi láti sọ ni. Ẹ máa gbé fóònù yín sítòsí. Màá pè yín, kì í ṣe Màmá.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́

*

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé Lọ́yà á ti sọ fún ọ kí ìwé yìí tó dé, torí ohùn ẹ̀ ò nílò fóònù. Adájọ́ ní àdánù ọ̀gá rẹ kì í ṣe kékeré, pé ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́ọ̀tù bá ti dá láre, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ máa lé e kiri pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà. Ìyá rẹ gbọ́ o. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù keje. Ó ní ojú òun ló ń ṣú, kì í ṣe etí òun.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá rẹ tẹ̀ lé mi wọlé. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n jáde. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wo ara ẹ̀ nínú dígí. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní lọ sí kọ́ọ̀tù mọ́. Ẹ sọ fún èmi nìkan. Ṣé òun ni?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò bi í?"

"Mo bi í. Mi ò ní bi í mọ́."

Ó bú sẹ́kún. Ó ní kò tíì sí ọjọ́ kan tí òun sùn láìbi ara òun léèrè pé ta ni. Mo fún un lómi. Mo jókòó tì í. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní àga mi ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n gbé e wá kí òun bá mi gán an. Mo gbé e tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè tí mo bi ọ́ nígbà méjì, mo gbà á padà. Mi ò rí ẹ̀rí tuntun, ẹnikẹ́ni ò sì yí mi lọ́kàn padà. Èmi náà fẹ́ kí ẹjọ́ yìí parí nínú ilé mi, mo sì rí i pé èmi nìkan ló lè parí ẹ̀. Má dáhùn. Tí o bá ti kọ ìdáhùn, fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ìyá rẹ ń dúró de ojú rẹ. Èmi náà á wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí o bá dé. Tí o bá fẹ́ kí mi, kí mi. Tí o ò bá tíì fẹ́, gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kí o wọlé. Ilé rẹ ni.

Bàbá rẹ